Ewu Tí Ń Bẹ Nínú Ilé

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Àgọ́ Palace, ǹjẹ́ o ti ka ìtàn adẹ́rùbani lóru rí, tí o sì dìde lọ wò bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì? Bí ìwé bá sọ nípa ẹbí tó wà nínú ewu, ojú ìyá àti àbúrò tiwa ni à ń rí níbẹ̀.

Nínú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, ìta ni ọ̀daràn wà, Lápàdé sì ń lé wọn. Ṣùgbọ́n nínú My Sister, the Serial Killer, ìtàn Èkó tí Oyinkan Braithwaite tẹ̀ jáde ní 2018, títi ilẹ̀kùn kò wúlò. Ayoola ń pa àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ẹ. Korede ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ni ń fọ ẹ̀jẹ̀ nù. Ọ̀bẹ baba wọn ni ó ń lò, òǹrorò baba tí ń nà wọ́n.

Mo jẹ́wọ́ pé bí mo ti ń kà á, mò ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi kí ọlọ́pàá má mú wọn! Ibẹ̀ ni adùn ìwé náà wà, ibẹ̀ náà ni oró rẹ̀: ó sọ wá di ará ilé apànìyàn. Ìgbà tí Ayoola yíjú sí dókítà tí Korede fẹ́ràn ni a tó rántí Femi, ẹni tí wọ́n ti jù sínú ọ̀sà láti orí afárá Third Mainland. Òun náà ní àwọn tí ń wá a kiri.