Ewé Ẹ̀pà Kì Í Ṣe Pàǹtí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀, kó má wo ewé rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìgbìn, kó fi ọkọ́ wú ìdí kan jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ fà á tu o, torí kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò á já sínú ilẹ̀. Kó wá fi èékánná la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ ń gba nàítírójìn látinú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Bó bá funfun, ayálégbé tí kì í san owó ilé ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yìí wù mí ju ọjọ́ ìkórè lọ.

Ní Kalpohin níbí, ní Tamale, lápá àríwá Ghana, àsìkò òjò kan ṣoṣo la ní lọ́dún, ilẹ̀ wa níyanrìn, ó sì tètè ń ṣá. Èmi tí n kì í lo fàtìláísà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ni mo gbójú lé kí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ lè rí nǹkan jẹ. Jenguma, sóyà tí à ń gbìn, ọmọ Ìbàdàn ni: ọ̀dọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ló ti wá kí àwọn SARI, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nyankpala, nítòsí wa níbí, tó gbé e fún àgbẹ̀ ní 2003. Bakitéríà inú ilẹ̀ wa ti tó fún un, èèpo rẹ̀ kì í sì í tètè là da ọmọ nù. (Kì í ṣe gbogbo ẹbí ẹ̀wà ló ń bá bakitéríà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Igi irú tó wà káàkiri oko wa, ẹbí kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kì í so kókó.)

Ìkórè ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Èyí tó pọ̀ nínú nàítírójìn ẹ̀pà ti bá ọmọ rẹ̀ wọ àpò lọ. Ewé àti ìtàkùn ló ku ti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ewé ẹ̀pà gbígbẹ lówó lórí ní Tamale, àgàgà bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí oníkálukú ń bọ́ àgbò. Ẹni tó tà á tán, oko rẹ̀ ló ń tà díẹ̀díẹ̀.

Èmi náà ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ewé mi yóò kó ìgbẹ́ àgùntàn padà wá kí òjò tó dé. “Alhaji, ṣé ìgbẹ́ lẹ fẹ́ ju owó lọ ni?” ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì bá mi ṣa náílọ̀nù inú rẹ̀ kúrò. Ti ewé ẹ̀wà, n kì í jẹ́ kó jáde lóko rárá. Mo ń tẹ́ ẹ sáàárín ebè, mo sì ń wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, torí màlúù tó ń kọjá lẹ́ẹ̀rùn ò mọ ààlà, iná inú igbó náà ò sì mọ̀ ọ́n.