Ìmọ́lẹ̀ Aṣálẹ̀ nínú «Timbuktu»

Nítorí ewu ogun, Oualata ní Mauritáníà ni Abderrahmane Sissako ti ya púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, «Timbuktu» (2014). Sofian El Fani ló mú kámẹ́rà. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn César ní 2015.

Àwa tí a ń rí bí ọyẹ́ ti ń sọ oòrùn Igolo di pupa rúsúrúsú mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. El Fani mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Nígbà tí Kidane pa apẹja tán, kámẹ́rà jìnnà réré: oòrùn ti rẹlẹ̀, omi ń dán, ènìyàn méjèèjì kéré bí èèrà.

Ẹnìkan lè ní ẹwà náà pọ̀ jù fún ikú. Èmi kò gbà. Oòrùn kì í pa ojú dé nítorí ikú ẹnìkan. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wà.