Ẹni Tó Jókòó sí Àárín

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà kò ní pẹ́ pàdé òfin ìdá mẹ́ta. Ìwé ọ̀hún yóò ní kí ó fi ọkàn fa ìlà méjì sí òró àti méjì sí ìbú ojú àwòrán, kí ó sì gbé ohun tó ń yà sí ibi tí ìlà bá ti pàdé ara wọn. Pé ẹni tó bá gbé e sí àárín gbùngbùn, ọ̀gbẹ̀rì ni. Mo gba òfin yìí gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ṣiyèméjì ni àwòrán tí mo yà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo gbé màmá sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì gé ẹsẹ̀ wọn kúrò kí ojú wọn lè tóbi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ta lo fi àyè yìí sílẹ̀ fún? Ẹsẹ̀ mi dà?” N kò rí ìdáhùn fọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òfin náà ti wá. Inú ìwé tí John Thomas Smith, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1797 ni a ti bá a, nígbà tí kámẹ́rà kò tí ì dé ayé. Àwòrán oko ni Smith ń sọ, bí a ṣe ń pín àyè fún ilẹ̀ àti sánmà lórí ohun tí a fi ọ̀dà kùn. Ní 1869, Henry Peach Robinson, tí òun náà ti fi ọ̀dà ya àwòrán kó tó di oníkámẹ́rà, kó òfin àwọn ọlọ́dà wọ inú ìwé tó kọ fún àwọn oníkámẹ́rà. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń jogún ìwé. Nígbà tí òfin yìí yóò fi dé ọwọ́ tèmi, ojú ènìyàn ti di ilẹ̀ tí a ń pín sí mẹ́ta.

Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1978 lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń rí ara wa nínú fọ́tò. Ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Àgbà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ yà kí aṣọ lè tẹ́, ojú méjèèjì hàn kedere, odindi ara sì wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Òfin ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ ọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà a máa sọ̀rọ̀ nípa jíjọra. Bí ó ṣe yé mi sí, ipò ẹni náà láwùjọ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ jọ, ju ìrísí ìṣẹ́jú kan lọ.

Ti ìbejì ló wọ̀ mí lára jù nínú àpilẹ̀kọ náà. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin tí alààyè sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún alààyè fún ìdajì iṣẹ́ náà. Robinson yìí kan náà so nẹ́gátíìfù márùn-ún pọ̀ ní 1858 láti ṣe àwòrán ọmọbìnrin tó ń kú lọ, àwọn òpìtàn sì ń dárúkọ rẹ̀ di òní. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ló ṣe bí ẹni tó ń kú fún un. Ní Ìlá, ọmọ ti kú ná, ìyá sì nílò àwòrán náà. N kò tí ì rí ìwé ẹlẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ní 1968: ẹ̀yìn orí, ní àárín, láìsí ohun mìíràn. Ta ni yóò ní kí ó sún orí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwé ló kọ́ mi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ lẹ́ǹsì, n kò sì ní sọ wọ́n nù. Ṣùgbọ́n mo padà lọ sọ́dọ̀ màmá, mo gbé àga sí àárín. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ́ ìró wọn, tí wọ́n sì gbé ọwọ́ lé orúnkún. Àwòrán yẹn ni ẹbí gbé síwájú níbi ìsìnkú wọn. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpótí mi.