Ta Ló Ni Fóònù Náà?

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa tí a lè ka ìwé lórí rẹ̀, màmá mi ló sì ni ín. Epo pupa ni wọ́n ń tà. Orí fóònù yìí ni àwọn oníbàárà ti ń pè wọ́n, ibẹ̀ náà ni alẹ́ẹ̀tì báńkì ń wọlé sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ìtàn lórí rẹ̀ títí bátìrì fi kú, kò sì sí iná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, oníbàárà kan ti pè títí, kò rí màmá mi bá sọ̀rọ̀, ó sì lọ ra epo lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màmá mi kò nà mí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìwé dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n fóònù yìí ló ń san owó ilé ìwé rẹ." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé ilé ìkàwé kan ti wà lórí fóònù, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi: fóònù ta ni?

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa. Wọ́n fi áàpù kan tó ń jẹ́ Libby hàn mí lórí fóònù wọn. Ilé iṣẹ́ OverDrive ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2017, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó sì ń lò ó. Ẹni tó bá ní káàdì ilé ìkàwé lè yá ìwé láti orí ibùsùn rẹ̀, yálà ìwé kíkà tàbí èyí tí a ń fetí gbọ́. Bí ọjọ́ bá pé, ìwé náà á padà fúnra rẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Ẹni tí ojú ń dùn lè sọ lẹ́tà di ńlá. Bí ènìyàn bá ti gba ìwé náà sórí fóònù níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà, ó lè kà á délé láìná dátà. Ká má purọ́, iṣẹ́ náà dára.

Síbẹ̀, mo ní àríwísí méjì. Èkíní ni pé ìwé inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìkàwé. Ẹnìkan lè rò pé ìwé orí fóònù kì í tán, ṣùgbọ́n àṣẹ ni ilé ìkàwé ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìwé jáde. Fún ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ̀dà kan, òǹkàwé kan ni. Àwọn yòókù á tò sẹ́yìn. Àwọn àṣẹ mìíràn sì máa ń tán lẹ́yìn ọdún méjì, kí ilé ìkàwé tún lọ rà á. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Macmillan sọ pé ẹ̀dà kan péré ni ilé ìkàwé lè rà nínú ìwé tuntun orí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Àwọn ilé ìkàwé fárí gá, ilé iṣẹ́ náà sì fagi lé òfin yìí ní oṣù kẹta 2020. Èkejì ni pé áàpù bẹ́ẹ̀ rò pé olúkúlùkù ló ní fóònù tirẹ̀, tó sì lè dì í mú ní gbogbo alẹ́.

Ilé ìkàwé ìjọba kan ní Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, gba ọ̀nà mìíràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn aboyún, láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tọ́jú ara wọn àti oyún inú wọn. Èyí kò bèèrè fóònù olówó ńlá, kò sì bèèrè dátà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó kàn ń dúró dè é ni. Lóòótọ́, kò lè gbé odidi ìwé ìtàn, ẹni tí kò sì mọ̀wé kà yóò wá ẹni tí yóò bá a kà á. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé yìí kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará ìlú nílò àti irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ní 2014, àjọ UNESCO gbé ìwádìí jáde lórí kíka ìwé lórí fóònù ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ń fi fóònù ka ìtàn fún àwọn ọmọdé. Àwọn kan lè sọ pé èyí fi hàn pé fóònù ti tó, kí a ti ilé ìkàwé pa. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé fóònù kan ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu.

Nítorí náà, n kò bèèrè áàpù lọ́wọ́ ilé ìkàwé tó wà nítòsí wa. Kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi bóyá ìwé tí mo ń wá wà nílẹ̀, kí n tó san owó ọkọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kí wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì díẹ̀ sórí tábìlì ibẹ̀, kí wọ́n kó ìtàn ọ̀fẹ́ sí i, irú èyí tí African Storybook ti South Africa gbà kí gbogbo ènìyàn gbà, kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀. Nígbà náà, èmi yóò máa kàwé, fóònù màmá mi yóò sì máa ta epo.

Ilé ìkàwé tó bá fẹ́ wọ inú fóònù wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, kí ó sì béèrè onílé.