Ọ̀dà Olómi Lórí Ilẹ̀ Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán omi ní agbègbè Ìta-Ìjẹ̀bú ní Sákẹ́tẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, Ganvié tàbí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un, bí ẹni pé òkè tiwa kò ní omi tó yẹ ní yíyà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tiwa kì í pẹ́ nílẹ̀ lóòótọ́. Òjò á rọ̀, àgbàrá á fọ ilẹ̀ pupa Sákẹ́tẹ́, á sì dúró sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà; bí a bá kọjá Pobẹ́ síhà àríwá, a ó bọ́ sí ilẹ̀ àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí, níbi tí amọ̀ dúdú ti ń dá omi dúró lásìkò òjò, tí yóò sì lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ọ̀dà tó bá irú omi yìí mu tó ọ̀dà olómi. Irin tó ti dípẹtà ló mú kí ilẹ̀ wa pọ́n, òun náà ló sì wà nínú ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ìlú Siena ní Ítálì pè. Tí a bá pò ó mọ́ omi, tí a tẹ́ ẹ sórí bébà tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, èyí tó wúwo nínú rẹ̀ á rọra wálẹ̀ sínú kòtò bébà, gẹ́gẹ́ bí àgbàrá ṣe ń sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó tòrò. Ọ̀dà olóròóró kò lè ṣe èyí. Ọwọ́ ayàwòrán ni yóò máa ṣe é. Dídán ojú omi ńkọ́? A kì í kùn ún rárá. Funfun bébà la ó fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti kun ibẹ̀ ti pa oòrùn.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ òyìnbó ni ọ̀dà olómi. Ṣùgbọ́n òun ni Àìnà Ọ̀nàbólú, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, fi ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kó tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Oje igi akasíà tó so ọ̀dà yìí pọ̀, láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ló ti ń wá. Ẹlòmíràn á ní ọ̀dà olómi máa ń ṣá. Àwọn àwọ̀ kan ń ṣá ní tòótọ́: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Russell àti Abney gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1888. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ilẹ̀ onírin kì í ṣá bọ̀rọ̀, òun la sì nílò jù níbí. Àtakò tó le lójú mi ni ti ọyẹ́, tó ń gbẹ etí ọ̀dà kí búrọ́ọ̀ṣì tó padà débẹ̀. Rírẹ bébà níwájú àti lẹ́yìn máa ń dín in kù. Lásìkò òjò, tí kò sí ohun tó ń gbẹ, ìpele kan ṣoṣo ni kí a kùn, kí a sì kó ẹrù nílẹ̀.