Ẹ̀sùn tí Ọba Kò Kà: Ìrọ̀lóyè àti Òfin nínú Richard II ti Shakespeare

Ní ọdún 1327 ni wọ́n rọ Edward Kejì lóyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1399, ó kan Richard Kejì. Ẹ̀sùn 33 ni wọ́n kọ sílẹ̀ lòdì sí Richard. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ó ń sọ pé ẹnu òun, tàbí àyà òun, ni òfin ilẹ̀ wà. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ọba ni ó ga ni, tàbí òfin?

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni ó gbà pé ọba ni eré-onítàn Shakespeare gbè lẹ́yìn. Ẹ̀rí wọn kò ṣòro rí. Nínú ìran ìrọ̀lóyè, Bíṣọ́ọ̀bù Carlisle bèèrè ẹni tí ó lè dá ọba lẹ́jọ́ nínú àwọn tí ọba ń jọba lé lórí. Northumberland ní kí ọba ka ìwé ẹ̀sùn náà sétí ìgbìmọ̀. Dípò èyí, Richard béèrè jígí, ó wo ojú ara rẹ̀, ó sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ìran náà parí láìka ẹ̀sùn kankan. Ìbànújẹ́ ọba ni òǹwòran gbé lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí kò tó, nítorí ó fo apá kejì, ìran kìíní dá. Nígbà tí John of Gaunt kú, Richard gbẹ́sẹ̀ lé ogún tí ó tọ́ sí Bolingbroke, ọmọ olóògbé náà, tí a ti lé kúrò nílùú. York, àbúrò bàbá ọba, kìlọ̀ fún un pé òfin ogún jíjẹ tí ó fún Bolingbroke ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ náà ni ó fi Richard jọba. Ẹni tí ó bá fa ọ̀kan ya ti fa èkejì ya. Ọba kò gbọ́. Ẹni da eérú sì ni eérú ń tọ̀.

Níbẹ̀ ni ẹ̀sùn gidi wà, ẹnu ẹbí ni ó sì ti jáde, kì í ṣe ẹnu ọ̀tá. Nítorí náà, kí Northumberland tó mú ìwé wá, òǹwòran ti mọ ohun tí ó wúwo jù nínú rẹ̀. Eré náà kò sọ pé agbára ọba kò ní ààlà. Ó fi hàn pé inú ohun tí ó sọ ọba di ọba gan-an ni ààlà náà wà.

Àbùkù eré náà wà níbòmíràn. Ẹ̀bẹ̀ àwọn aṣojú ará ìlú, ẹnu Northumberland nìkan ni a ti gbọ́ ọ. Àwọn fúnra wọn kò fọhùn. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú wá di ìjà ogún láàrin ọmọ ìyá.