Lílé Afẹ́fẹ́ Jáde Nínú Búréèkì

Hóòsì búréèkì ni mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ nílé. Bí mo ti tẹ búréèkì, ó rì bíi tìmùtìmù. Mẹkáníìkì kan ní Lágere, n'Ifẹ̀, ló yọ mí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ jókòó sídìí sitiárìn.

“Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́! Mú un mọ́lẹ̀!”

Ọ̀gá tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà. Epo búréèkì ń hó bí omi ọṣẹ nínú rọ́bà funfun tó fi sí i lẹ́nu. Ó dè é kí ọmọ náà tó gbẹ́sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Epo kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀, òun ló ń jẹ agbára ẹsẹ̀.

Sùúrù ọ̀gá náà ló wù mí jù (èmi ì bá ti sáré). Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí epo inú ike òkè gbẹ o.”

Nígbà tá a gbé mọ́tò lọ dán an wò, tá a sọ̀ kalẹ̀ l'Ókè Ìtasẹ̀, búréèkì le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.